Ta ni Kátà? Ìtàn àwọn afárá Èkó

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, mo ní ìtàn kan. Ìyá àgbà mi ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Tí oníbàárà bá bèèrè ọ̀nà, wọ́n á ní, "Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Kátà, ẹ ti dé." Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Màmá, ta ni Kátà gan-an?" Wọ́n wò mí. "Èmi ò mọ̀ ọ́n o, ọmọ mi. Bíríìjì ni mo mọ̀."

2/ Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Gilbert Carter ni gómìnà tí Gẹ̀ẹ́sì fi sí Èkó láti 1891 sí 1897. Nígbà yẹn, àwọn Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà òwò tó ti òkè wá sí etí ọ̀sà mú. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, ọjà ò ní dé Èkó. Inú Gẹ̀ẹ́sì ò dùn sí i rárá.

3/ Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì rìn wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ìbọn Máṣímù. Wọ́n jà ní Ìmágbọn, wọ́n sì gba Ìjẹ̀bú-Òde. Carter ni gómìnà tí èyí ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni ìyá àgbà mi. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

4/ Ní 1901, wọ́n ṣí afárá àkọ́kọ́ tó so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó, wọ́n sì fi orúkọ Carter sọ ọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, Ìddó sì ni ibùdókọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n tú afárá náà palẹ̀, wọ́n tún un kọ́. Irin yí padà, kọnkéré yí padà. Orúkọ ò yí padà.

5/ Afárá kejì, láti 1965 sí 1975 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìpele-ìpele. Wọ́n pe ìyẹn ní Eko Bridge, ó kéré tán ìlú náà rí orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ṣí ní 1990, nọ́ńbà ni wọ́n fún un: Third Mainland. Nǹkan bíi kìlómítà 11.8 ni. Òun ló gùn jù ní Áfíríkà títí di 1996, nígbà tí ti Cairo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

6/ Ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ afárá kẹta yẹn láàárọ̀. Màkókò nìyẹn: ilé lórí òpó igi, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, èéfín ẹja. Àwọn Ègùn àti àwọn ará wọn ti ń ri òpó sínú ọ̀sà yìí kí afárá yẹn tó dé. Àwa sì ń sáré kọjá lókè wọn, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí ibi tí èèyàn lè dúró kí wọn. Ní 2012, ìjọba wó lára ilé wọn.

7/ Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí ṣí ní 2013. Òpó gíga, okùn irin funfun, iná lálẹ́, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn lóru, ta ló máa mọ̀ pé Èkó ló ti wá?

8/ Èmi ò sọ pé ká lẹ àkẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ mọ́ kọnkéré o. Ìyẹn ọ̀ṣọ́ lásán ni. Afárá tó mọ ilé, lójú tèmi, á fi àyè sílẹ̀ kí ọkọ̀ apẹja kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Á ní ibi tí arúgbó lè dúró kó wo ọ̀sà. Á bi àwọn tó ń gbé inú omi léèrè kí wọ́n tó ri òpó. Orúkọ tí wọ́n bá sì fún un, ọmọ ìlú á lè sọ ìtàn rẹ̀.

9/ Mo padà lọ sọ fún màmá. Wọ́n dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé orúkọ ọkùnrin yẹn ni mo fi ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi látọjọ́ yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

10/ Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń gbèrò afárá kẹrin, tí yóò so Lẹ́kí mọ́ Ìkòròdú. Láti Rẹ́mọ ni àwọn tó tẹ Ìkòròdú dó ti wá. Ìwé ni afárá yẹn ṣì wà, a ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà, afárá wo ló wà ládùúgbò yín, orúkọ ta ló wà lára ẹ̀? Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè lónìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.