Pákó lórí omi: ta ló kọ́kọ́ gùn ún, kí sì ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nílò?



Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí i lórí fóònù: ọmọkùnrin kan dúró lórí pákó pẹlẹbẹ, ó di okùn mú, ẹ́ńjìnnì ń fà á lọ lójú omi. Bàtà lásán ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí ohunkóhun tó so ẹsẹ̀ náà mọ́ pákó. Wakeskate ni wọ́n ń pe eré yìí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn á tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni, kí la fẹ́ fi ṣe. Àwọn mìíràn á ní àwọn baba wa ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé. Lójú tèmi, apá méjèèjì ló fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ìtàn náà, ohun tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ọ̀hún ló wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Elmina, ní etíkun Ghana òde òní. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Michael Hemmersam, alágbẹ̀dẹ wúrà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwọn Dutch láti 1639 sí 1645. Ìwé tó kọ jáde ní 1663. Ó ní àwọn òbí ibẹ̀ máa ń so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọ́n á sì jù wọ́n sínú omi kí wọ́n lè mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jean Barbot, ará Faransé, tó wá sí etíkun wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín 1678 sí 1682. Òun náà rí ọ̀pọ̀ ọmọdé, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń ṣeré láàárín ìgbì. Wọ́n so àjákù pákó tàbí ìdì koríko etí omi mọ́ abẹ́ ikùn, wọ́n fi ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Nínú ìwé tí James Edward Alexander, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1837, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀kọ́, ó ti di eré: ó rí àwọn ọmọkùnrin ní Àkrá tí wọ́n gbé pákó fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ wọnú òkun, wọ́n dúró de ìgbì ńlá, wọ́n sì bá a yí wá sí èbúté.

Ẹ kíyè sí ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí Joseph Banks, tó bá ọkọ̀ Captain Cook rìn, kọ nípa àwọn ará Tahiti tó ń bá ìgbì ṣeré ní 1769, ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá lórí ohun tí Hemmersam rí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà wá ya sinimá The Endless Summer láàárín àwọn ọdún 1960, tí wọ́n dé Senegal, Ghana àti Nàìjíríà, wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ fi pákó wọ ìgbì etíkun wa. Kevin Dawson, òpìtàn kan ní Amẹ́ríkà, ti kó irú ẹ̀rí tí mo kà sókè yìí jọ sínú ìwé tó gbé jáde ní 2018, Undercurrents of Power. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó wá a kà.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ju bó ṣe wà. Àyà ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi dùbúlẹ̀ lórí pákó wọn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé wọ́n dúró, kò sí okùn, kò sí ohun tó ń fà wọ́n. Èkejì, Fante àti Gã ni wọ́n, wọn kì í ṣe Yorùbá. Níhìn-ín, láti Aného dé Àgbádárìgì, ọ̀sà ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n tù, kì í ṣe òkun. Ìgbì tó ń ya lulẹ̀ lẹ́bàá èbúté, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní la barre, ti dojú ọkọ̀ púpọ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò òkèèrè fi máa ń háyà àwọn atukọ̀ láti Elmina àti agbègbè rẹ̀ láti gbé ẹrù, àti àwọn ẹrú pẹ̀lú, la ìgbì kọjá ní Ouidah. Àwọn kan nínú wọn kò padà sílé mọ́. Wọ́n tẹ̀dó sí Aného, ibẹ̀ sì ni orúkọ Mina tí a ń pe èdè wọn ti wá: Elmina ni. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ Mina ní ọjà Dantokpa, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ìgbì wà nídìí rẹ̀.

Ìgbì yìí ló fà á tí àwọn Faransé fi kọ́ afárá onírin wọnú òkun ní Kútọnu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, kí ọkọ̀ ńlá má baà sún mọ́ etí òkun. Afárá náà la fi ń ṣe é títí èbúté tuntun fi ṣí ní 1965.

Okùn wá láti ibòmíràn. Ní 1922, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Samuelson ní ìlú Lake City, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kí ọkọ̀ fa òun lójú omi. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú pẹ̀lú pákó àgbá, ó rì. Ó lo pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ó tún rì. Ó wá ra pákó lásán, ó se orí rẹ̀ nínú omi gbígbóná kó lè tẹ̀ sókè, ó kan awọ mọ́ ọn fún ẹsẹ̀. Okùn fèrèsé ló dì mú. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe kì í ṣe pákó nìkan: ó fara sẹ́yìn, ó jẹ́ kí orí pákó yọ sókè lójú omi kí ọkọ̀ tó gbéra. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bruno Rixen ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa èèyàn yí adágún ká láìsí ọkọ̀. Ní 1985, Tony Finn ní California gbé pákó Skurfer jáde. Láìpẹ́ wọ́n fi ohun tó ń di ẹsẹ̀ mú sí i. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan tó fẹ́ràn skateboard tú ohun ìdẹsẹ̀ náà kúrò. Bí wakeskate ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa rà. Pákó rẹ̀ sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 100 sí 110. Ẹni tó bá sanra, kó mú èyí tó gùn. Ojú pákó ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ rí bíi sàǹpépà: ó di bàtà mú dáadáa, ṣùgbọ́n yóò bó orúnkún àti ikùn ẹni tó ń ṣubú léraléra, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò sì lè ṣe kó má ṣubú. Èkejì jẹ́ fóòmù rírọ̀; òun ni kí ẹ mú. Pákó onígi lásán máa ń mu omi bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ti họ, nítorí náà bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ wo etí rẹ̀ yíká bóyá ó ti ń wú. Bàtà kò le: bàtà ìdíje àtijọ́ tó ní okùn, tó fún ẹsẹ̀, tí omi lè jáde lára rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ sálúbàtà.

Akoto pọn dandan. Nítorí pé pákó kò so mọ́ ẹsẹ̀, bí ẹ bá ṣubú yóò fò, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò bà lé. Gilet tó ń múni léfòó náà pọn dandan, fún ẹni tó mọ odò wẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Bí a ṣe ń gbéra: ẹ jókòó sínú omi, ẹ ká orúnkún, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pákó tó dùbúlẹ̀ ní ìbú níwájú yín, ẹ na apá. Ẹ má fa okùn. Ẹ jẹ́ kí okùn fà yín. Ìkánjú àtidìde ló ń sọ ọ̀pọ̀ nù. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ẹ ń ṣubú, ẹ jọ okùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí awakọ̀ rọra lọ, kí ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ tó kọjú sí ẹni tí wọ́n ń fà. Ẹni tó ń wakọ̀ kò lè wo iwájú kó tún wo ẹ̀yìn.

Ibo la ti fẹ́ ṣe é? Parakou jìnnà sí òkun, ojú irin tó ti Kútọnu wá parí sí ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn kìlómítà 438. Omi ńlá tó sún mọ́ wa ni Okpara tí wọ́n dí, òun sì ni SONEB ń fọ̀ fún ìlú mu. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ́ńjìnnì elépo lọ síbẹ̀. Adágún Nokoué tẹ́jú, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé omi rẹ̀ kì í jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn apẹja máa ń ri igi akájà mọ́lẹ̀ káàkiri ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi eré ṣubú lé orí igi bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rù bọ́ ìyẹn. Ẹ bá àwọn ará Ganvié sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé okùn, àwọn ló mọ ibi tó mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Hemmersam àti Barbot kọ lẹ́ẹ̀kan sí i: ìlúwẹ̀ẹ́ ni pákó wà fún ní Elmina, eré tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Parakou, owó àkọ́kọ́ kì í ṣe ti wakeskate. Ẹ lọ sí piscine, ẹ wá ẹni tó lè kọ́ yín, ẹ di pákó fóòmù kékeré mú sábẹ́ àyà bíi ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ẹ máa fi ẹsẹ̀ gbá omi láti etí kan dé èkejì. Ọjọ́ tí ẹ bá lè léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdi nǹkan kan mú, ọjọ́ náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta pákó.