Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà awo, ẹ̀yin ọmọ Yewa, bí a bá ti ilẹ̀kùn pa tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹni, ohun mẹ́ta ni a lè ṣe: kí a bẹ ẹni tó tì í, kí a gba ojú ọ̀nà mìíràn, tàbí kí a wá ẹni tí yóò bá wa já àgádágodo.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà òwò ni ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀gbá a máa ti ọ̀nà tó lọ sí etí òkun. Dàhòmì sì ń gbógun tì wá, wọ́n pa Kétu run ní 1886. Ìlàró wá yíjú sí òyìnbó Èkó, ó sì bọ́ sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì ní 1891.

Àgádágodo já lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà, tí Kétu wà lápá kan, tí Ìlàró wà lápá kejì. Ọ̀nà òkun là. Ọ̀nà ilé ìbátan di ẹnubodè.

Ẹni tó bá wa já àgádágodo kì í sábà lọ láìfi tirẹ̀ rọ́pò. Ìdí nìyí tí a fi ń bi Ifá kí a tó ké sí alágbára: kì í ṣe bí ilẹ̀kùn yóò ṣe ṣí nìkan ni a ń bi í, bí kò ṣe ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lẹ́yìn náà. Àṣẹ.