Igbó Tó Gbó: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ìgbà Ìkórè Rẹ̀

Igbó, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Cannabis sativa, kì í pẹ́ láyé. Láàárín ọdún kan ló ń hù, ló ń yọ òdòdó, ló ń so, tó sì ń kú. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló kọ orúkọ Látìn yẹn sílẹ̀ fún un ní ọdún 1753. Àyọkà yìí dá lórí ìgbà tó kẹ́yìn nínú ayé rẹ̀: àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti tó kórè, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi rí bákan náà ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní àwọn ibi tí òfin ti yọ̀ǹda kí ènìyàn gbìn ín sílé. Ní Kánádà, òdòdó ni ẹni tó gbìn ín ń wò. Nínú aginjù Òǹdó, ọ̀nà ni wọ́n ń wò, bóyá ọkọ̀ ìjọba ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òfin kúrò ńlẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbígbin igbó, ì báà jẹ́ ẹyọ igi kan nínú ike ọ̀dà lẹ́yìn ilé. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1966 fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìn ín. Ní 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì dín ìyà ẹni tó kàn mu ún kù. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí Òfin 48 ti ọdún 1989 dá sílẹ̀, ló ń mójú tó o báyìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni wọ́n fi Buba Marwa jẹ alága àjọ náà. Àwọn ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n tipẹ́: òun ni ọ̀gá ológun tó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, orúkọ rẹ̀ náà sì ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò láti àdúgbò Onípáànù wọ inú Ṣómólú ní Èkó ń jẹ́ títí dòní.

Ohun tí ojú ń wò

Akọ àti abo ló wà nínú igbó, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Òdòdó abo ni oje tó ń gun orí pọ̀ sí jù. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ bá ti fò bá abo, abo á gbájú mọ́ kóró, oje rẹ̀ á sì dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbìn ín níbi tí òfin ti gbà á fi máa ń tètè fa akọ tu.

Irun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ lára òdòdó abo ni àmì àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, irun náà á máa pọ́n, á di àwọ̀ ilẹ̀, á sì ká wọnú. Nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ti pọ́n, tí òdòdó wú, tí àwọn ewé ńlá ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n tí wọ́n ń já bọ́, ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n irun yìí a máa tan ènìyàn. Òjò líle lè mú kó pọ́n láìtọ́jọ́, fífọwọ́ kàn án ṣáá náà lè fà á. Igi mìíràn sì wà tó máa ń yọ irun funfun tuntun títí tí yóò fi kú.

Àmì tí àwọn tó mọṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé kéré ju èyí tí ojú lásán lè rí lọ. Lára òdòdó abo ni àwọn irun wínníwínní kan wà tí orí wọn rí róbótó. Inú orí róbótó yìí ni oje ń gbé, inú oje náà sì ni THC wà, ìyẹn èròjà tó ń gun orí tí Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni yọ sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1964. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa á lo irú awò kékeré tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń gbé lé bébà láti yẹ ẹ̀kán ọ̀dà wò kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Nígbà tí òdòdó kò tíì gbó, orí róbótó náà mọ́ gaara. Bó bá gbó, á funfun, ìgbà yẹn sì ni THC pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀, á pọ́n rúsúrúsú, nítorí THC ti ń bàjẹ́, ó ń di èròjà mìíràn tó ń jẹ́ CBN. Àwọn tó ń mu ún máa ń sọ pé èyí tó ti pọ́n yẹn ló ń kun àwọn lóorun; ẹ̀rí àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ múná.

Ọ̀rọ̀ ilá ni ọ̀rọ̀ yìí jọ. Ẹni tó bá já a lónìí á jẹ ilá tó yọ̀. Ẹni tó bá ní ó di ọ̀túnla, okùn ni yóò máa fà lẹ́nu. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé igbó kò gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Òdòdó orí tí oòrùn ń pa máa ń ṣíwájú èyí tó wà nísàlẹ̀. Agbẹ̀gbin tó ní sùúrù á gé tòkè, á fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i.

Òru ló ń ṣàkóso rẹ̀

Igbó kì í yọ òdòdó títí òru fi máa gùn tó. Ní Toronto, ọjọ́ tó gùn jù nínú oṣù kẹfà lé ní wákàtí 15, nítorí náà igi á máa ga, á máa pẹ̀ka, títí ọjọ́ yóò fi kúrú ní ìparí ìgbà ooru. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún níbí kò ju bíi wákàtí 12 àtààbọ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbin kóró tó ti ilẹ̀ tútù wá sí Èkó, lójú tirẹ̀ ilẹ̀ ti ṣú jù. Á yọ òdòdó nígbà tí kò tíì ga ju orúnkún lọ. Irú tó ti mọ́ra pẹ̀lú ilẹ̀ olóoru máa ń fara balẹ̀ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti yọ òdòdó, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 kó tó gbó, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú ilẹ̀ tútù kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Èyí tí wọ́n fi irú Cannabis ruderalis bí kò tilẹ̀ ka òru sí: ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Bí òru bá sì ṣe pàtàkì tó, iná lásán lè da gbogbo ètò rú. Ẹ wo Onípáànù fúnra rẹ̀: iná òpópónà Ìkòròdú lápá kan, gílóòbù ẹ̀yìnkùlé tí onílé kì í pa nítorí olè lápá kejì. Ewéko tó ń fẹ́ òkùnkùn biribiri fún wákàtí méjìlá kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú níbẹ̀. Ẹfinrin àti ewúro tó wà nínú ike ọ̀dà kò bìkítà, ṣùgbọ́n igbó á dàrú. Òórùn rẹ̀ tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Igbó tó gbó kì í fi ara rẹ̀ pa mọ́, pàápàá ní ilé olójúlé tí ẹni tó ń dín ẹja ní yàrá àkọ́kọ́ ti sọ ohun tó fẹ́ jẹ fún gbogbo ilé.

Láti inú aginjù

Nítorí náà, igbó tí wọ́n ń mu ní àdúgbò Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó, ọkọ̀ ló ń gbé e wá. Òǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Ẹdó ni NDLEA ti ń dáná sun oko rẹ̀ jù ní apá ibí yìí, nínú igbó ọba àti lẹ́bàá oko kòkó, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín sáàárín ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá má baà fura. Ewé ẹ̀gẹ́ fi ìka jọ ọ́ tó láti tan ojú tó wà lókèèrè.

Nínú irú oko bẹ́ẹ̀, òjò ni kàlẹ́ńdà. Òdòdó tó bá bọ́ sínú òjò á bu láti inú wá, ẹni tó ń wò ó lóde lè má mọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi rì sí ibi tó ti rọ̀. Ó dára jù kí ó gbó nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, kí ọyẹ́ sì bá a gbẹ ẹ́. Akọ kì í kúrò nínú oko, nítorí ta ni yóò máa lọ yẹ igi wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú aginjù tí ìjọba ń ṣọ́? Kóró ni wọ́n á wá fi ń díwọ̀n. Kóró tó ṣì ní àwọ̀ ewé tó sì rọ̀ kò tíì tó; èyí tó le, tó pọ́n bí ilẹ̀, tó sì ní ilà dúdú lára ti gbó. Ìgbà mìíràn, kóró kò tíì le tí wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, nítorí ìròyìn ti dé pé àwọn oníṣẹ́ ìjọba wà lójú ọ̀nà. Irú ìkórè bẹ́ẹ̀ kò bá ewéko sọ̀rọ̀ rárá.

Ìyẹn ló ṣàlàyé ohun tí ẹni tó bá ti rí igbó àdúgbò rí á ti ṣàkíyèsí: kóró, igi àti ewé ni wọ́n kì pọ̀ mọ́ra nínú àpò, tí kóró á sì máa ta pàràpàrà nígbà tí iná bá kàn án. Èyí tí wọ́n ń pè ní Loud ní Èkó yàtọ̀. Òdòdó abo tí kò ní kóró ni, tí wọ́n kó nígbà tí oje rẹ̀ funfun, tí wọ́n sì rọra gbẹ. NDLEA ti gbá a mú léraléra ní èbúté Tin Can, nínú ọkọ̀ àlòkù tó ti Kánádà wá. Owó rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ju ti igbó lásán lọ fíìfíì. Tí a bá yọ irú kóró tí wọ́n gbìn kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kórè wọn àti bí wọ́n ṣe tọ́jú wọn lẹ́yìn náà.

Gbígbẹ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń so ó rọ̀ nínú yàrá tútù tó ṣókùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Afẹ́fẹ́ Èkó ló lómi jù fún ìyẹn, òdòdó á fi bẹ́ẹ̀ bu. Irú èbu tí wọ́n ń pè ní Aspergillus lè wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó fà á, ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tí àìsàn mìíràn ti sọ di aláìlágbára.

Bí ó ṣe dé, àti ohun tó ń ṣe

Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà ni pé àwọn ọmọ ogun wa tó jà ní Bọ́má nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tó gbé àṣà mímu igbó àti kóró rẹ̀ wálé. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa rẹ̀. Tolani Asuni, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, kọ nípa igbó àti ọpọlọ ní 1964. Adeoye Lambo tẹ̀ lé e ní 1965. Ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn ni òfin líle náà jáde.

Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró, àti ìjọba Nàìjíríà ṣe, èyí tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan, ìyẹn ẹni tó tó 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Èkó ló ṣíwájú nínú lílo oògùn olóró lápapọ̀, pẹ̀lú ẹni 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ará Onípáànù, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń já sí kò jìnnà: Fádèyí, Jíbówú, ó di Yábàá, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà láti 1907. Ewu àrùn ọpọlọ pọ̀ jù fún ọ̀dọ́ tó tètè bẹ̀rẹ̀ tó sì ń mu èyí tó lágbára, nítorí náà òdòdó tí wọ́n kórè lásìkò gan-an ló yẹ kó bani lẹ́rù jù.

Ìlẹ̀kùn tó ṣí, èyí tó tì

Láti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2018 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Kánádà ti gba ilé kan láàyè láti gbin igi mẹ́rin. Jámánì gba mẹ́ta fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2024. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Toronto lè gbé awò lé òdòdó láìbẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Peckham kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí gbígbìn rẹ̀ ní Bìrìtìkó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 14.

Nílé, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Òǹdó lọ sí Thailand ní oṣù karùn-ún 2019 pẹ̀lú alága NDLEA ìgbà náà, ó sì ń sọ gbangba pé kí wọ́n jẹ́ kí ìpínlẹ̀ òun gbìn ín fún oògùn. Marwa kò gbà nígbà tó dépò. Akeredolu kú ní oṣù kejìlá 2023, òfin kò sì yí padà.

Gánà wá ọ̀nà àárín: òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ gba ìwé àṣẹ láàyè fún igbó tí THC rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fún okùn àti oògùn. Òṣùwọ̀n yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà fi sínú òfin oko rẹ̀ ti 2018, ó sì yí ìtumọ̀ gbígbó padà pátápátá. THC ń pọ̀ sí i bí òdòdó ṣe ń gbó. Ìjọba á wá gé òdòdó wò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ Kentucky tó bá ní kí òun fi ọ̀sẹ̀ kan kún un kí ó lè gbó dáadáa, tí òṣùwọ̀n wá fò kọjá, wọ́n lè ní kó ba ohun tó gbìn náà jẹ́.