Láti Orí Tákàdá dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìwé Ìbéèrè Nínú Ìgbéléwọ̀n Ìhùwàsí Ẹ̀dá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni àwọn olùwádìí kan lè fi ṣe àwíjàre nígbà tí wọ́n bá mú ìwé ìbéèrè tí a ṣe fún orí tákàdá, tí wọ́n sì gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Èrò wọn ni pé bí ìbéèrè bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìdáhùn yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ìtàn yẹ èrò náà wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ipò tí ẹni tí ń dáhùn wà, pàápàá ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣe pàtàkì ju ohun tí a kọ ìbéèrè sí lọ.

Bí Ìwé Ìbéèrè Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1880, Francis Galton tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí àwọn ènìyàn fi ojú inú wo tábìlì tí wọ́n ti jẹun àárọ̀, kí wọ́n sì kọ bí àwòrán náà ṣe hàn sí wọn tó. Ní 1883, G. Stanley Hall gbé iṣẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ní Boston mọ̀; ẹnu ni àwọn olùkọ́ fi bi àwọn ọmọ náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Robert Woodworth ṣe àkójọ ìbéèrè 116, tí ìdáhùn wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, láti fi mọ àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn lè má gba wàhálà ogun. Ogun parí kí a tó lò ó bí a ti pinnu, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni ó fara wé e.

Ní 1943, Starke Hathaway àti J. C. McKinley ti Yunifásítì Minnesota gbé MMPI jáde. Káàdì 550 nínú àpótí ni ó kọ́kọ́ jẹ́; olùdáhùn yóò pín wọn sí òótọ́, irọ́ àti èyí tí kò lè sọ. Lẹ́yìn náà ni ó di ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàrin ọdún 1960 sí 1969, wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà túmọ̀ èsì rẹ̀ ní Mayo Clinic. Ìṣípòpadà ìbéèrè, nígbà náà, ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni Alexander Leighton, T. A. Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ ní agbègbè Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963.

Ohun Tí Ìfiwéra Fi Hàn

Ní 1993, Alan Mead àti Fritz Drasgow ṣe àkójọ àwọn ìwádìí tí ó fi ìdánwò làákàyè orí tákàdá wé ti kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi 1 ṣe ìbámu pípé, ìbámu 0.97 ni wọ́n rí fún ìdánwò tí kò dá lórí ìyára, àmọ́ 0.72 fún èyí tí ó dá lórí ìyára. Ní ti ìwé ìbéèrè ìhùwàsí, Samuel Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìdáhùn ènìyàn 361,703 láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wé àkójọ 510 tí a ti tẹ̀ jáde. Ní 2004, wọ́n kéde pé àbájáde orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tako ti ọ̀nà àtijọ́.

Iṣẹ́ Wendy Richman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1999 ni ó kàn wá jù. Wọ́n wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe ara wọn lóge nínú ìdáhùn. Lápapọ̀, ìyàtọ̀ láàrin kọ̀ǹpútà àti tákàdá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùdáhùn bá dá wà, tí ó sì lè padà lọ tún ìdáhùn rẹ̀ ṣe, òtítọ́ máa ń pọ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà.

Ìtumọ̀ Rẹ̀ fún Olùkọ́

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí olùkọ́ ní kí ó dáhùn ìbéèrè nípa ìbànújẹ́ ọkàn lórí fóònù. Bí fóònù náà bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n sì jókòó tì í, ta ni yóò sọ òtítọ́? Ogiri pàápàá létí. Bákan náà ni ti ọmọ tí ó ń kọ ọ́ sórí tákàdá ní kíláàsì tí ojú ẹlòmíràn ti ń wo ìwé rẹ̀.

Ewu kejì tún wà. Nígbà tí Aaron Beck gbé ìwé ìbéèrè rẹ̀ lórí ìbànújẹ́ ọkàn jáde ní 1961, olùbéèrè ni ó ń ka ìbéèrè sókè fún aláìsàn. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí èrò láti pa ara ẹni. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà: ẹni tí ó béèrè rí ojú ẹni tí ó dáhùn. Bí ọmọ bá fa ìlà sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òru, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn kò dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, kò sì dá tákàdá láre. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ má ṣe fi òdíwọ̀n tí a rí lórí tákàdá ṣe ìdájọ́ ọmọ tí ó dáhùn lórí fóònù, àyàfi bí ẹ̀rí bá wà pé méjèèjì bára mu. Kí ó wádìí bóyá ọmọ náà dá wà nígbà tí ó ń dáhùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, níbi tí ìbéèrè bá ti kan ẹ̀mí, kí a ti yan ẹni tí yóò ka ìdáhùn lọ́jọ́ náà gan-an kí a tó béèrè.