Corin: Ọ̀bẹ kékeré tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ aboyún

Aboyún tó ń ná Ọjà'ba tàbí tó ń gun òkè Mápó lè rò pé orí fífọ́ àti ojú tó wú ò ju àárẹ̀ oyún lọ. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia. Òun ló lè di gìrì bí wọn ò bá tètè rí i.

Kí ló ń fà á? Ohun tó ń fà á pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ mọ́ ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ Corin. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ló ń ṣe: ó ń gé púrótéènì. Nínú ọkàn, ó ń gé púrótéènì kan kí èyí tó ń jẹ́ ANP lè jáde lára rẹ̀. ANP yìí ló ń jẹ́ kí iyọ̀ àti omi bá ìtọ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ru.

Gbogbo ara ló ní jíìnì Corin, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí obìnrin bá lóyún, jíìnì yìí a jí nínú ilé ọmọ. Corin tó bá ti ibẹ̀ jáde ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀.

Lọ́dún 2012, ìwé sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìwádìí kan jáde. Nígbà tí eku tí kò ní Corin lóyún, ẹ̀jẹ̀ wọn ru, púrótéènì sì ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Àwọn olùwádìí tún rí i pé Corin kéré nínú ilé ọmọ àwọn obìnrin tó ní àrùn náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ojú lásán ò lè rí Corin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lè rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, bí ẹ̀jẹ̀ bá dé 140/90, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, tó sì ń yẹ ìtọ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí aboyún bá lọ sí kíníkì, ì báà jẹ́ l'Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí ní UCH. Bí ewu bá wà, dókítà lè fún un ní aspirin díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a lò. Bí gìrì bá sì dé, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ ní Bẹẹrẹ àti Béyerúnká, bí orí bá ń fọ́ aboyún gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.