Òtútù Nìkan Kọ́ Ló Pa Oko Ọsàn Mandarin

Ẹni tó bá béèrè ohun tó pa iṣẹ́ ọsàn ní Mandarin, tó jẹ́ ìlú kékeré nígbà kan rí létí odò St. Johns ní ìpínlẹ̀ Florida, òtútù ọdún 1895 ni wọ́n máa ń sọ fún un. N kò ní òtútù náà kò ṣọṣẹ́. Àmọ́ òtútù ti pa ọsàn ìlú yìí rí, ọsàn sì tún so níbẹ̀. Láti 1830 ni wọ́n ti ń pe ìlú náà ní Mandarin, orúkọ ẹ̀yà ọsàn kan. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nínú Oṣù Kejì 1835, òtútù pa igi ọsàn etí odò náà dé ìdí. Èéhù rú láti ara gbòǹgbò, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó di 1838, kòkòrò kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi, tí ń fa oje rẹ̀ mu, tún wọ inú oko. Wọn ò ṣíwọ́. Ẹrú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ń lò sí irú oko bẹ́ẹ̀ títí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fi parí ní 1865. Kí ẹni tó bá ń yin ìfaradà àgbẹ̀ Mandarin má gbàgbé ẹni tó di ọkọ́ mú.

Ohun tó mú àwọn àgbẹ̀ náà dúró níbẹ̀ ni odò. Ọsàn wúwo, ó sì ń tètè bàjẹ́. Gbígbé e gba inú yanrìn Florida kọjá kì í ṣe iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Sítímà ló ń yà ní èbúté Mandarin, tó ń kó àpótí ọsàn lọ sí Jacksonville, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ sí àríwá. Harriet Beecher Stowe, tó kọ ìwé Uncle Tom's Cabin, ra ilé àti oko ọsàn níbẹ̀ lẹ́yìn ogun, ó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ sára àpótí tó ń kó ránṣẹ́. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé apá gúúsù móoru ju ọ̀dọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbin ohun tí kò ní rí ọ̀nà gbé dé ọjà?

Rélùwéè ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1884, ojú irin gba bèbè ìwọ̀-oòrùn odò náà dé ìlú Palatka. Lọ́dún yẹn kan náà ni ojú irin ti Henry Plant, oníṣòwò rélùwéè, dé Tampa, lọ́hùn-ún ní gúúsù. Ṣùgbọ́n bèbè ìlà-oòrùn ni Mandarin wà, ojú irin náà kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òtútù dé. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kejìlá 1894, omi inú ọsàn di yìnyín lórí igi, ewé sì wọ́ dànù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi kò kú. Oṣù Kìíní móoru. Oje gòkè, ẹ̀ka rú ọ̀mùnú. Nígbà tí òtútù padà dé ní ọjọ́ 7 Oṣù Kejì, oje tó ti kún inú igi náà ló dì, tó wú, tó sì la èèpo.

Àwọn kan á ní irú òtútù bẹ́ẹ̀ tó láti pa iṣẹ́ run láìsí rélùwéè kankan níbẹ̀. Lóòótọ́, ìkórè Florida já láti orí àpótí tó lé ní mílíọ̀nù 5 sí èyí tí kò tó 200,000. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpínlẹ̀ ló ṣubú, kò sì pé ogún ọdún tí ìpínlẹ̀ fi kórè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àárín ìpínlẹ̀ àti gúúsù, ní irú agbègbè bíi Polk, ni ọsàn náà ti wá, kì í ṣe Mandarin.

Àtakò tó le jù ni pé òtútù tún jà ní Oṣù Kìíní 1886, nígbà tí ojú irin ti wà, síbẹ̀ àwọn ará Mandarin kò kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn igi ńlá yè é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni igi ọsàn fi ń dàgbà kó tó so dáadáa, àgbẹ̀ kì í sì í fi igi tó ń so sílẹ̀ lọ gbin tuntun níbòmíràn. Ní 1895, kò sí igi láti dúró tì mọ́. Gbogbo olóko ni yóò tún gbin láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tó sì kù ni ibi tí wọn yóò gbìn ín sí. Ní 1835, etí odò nìkan ni ìdáhùn rẹ̀. Ní 1895, ojú irin ti la ọ̀nà sí ilẹ̀ tó móoru. Ẹni tó tún gbìn sí apá àríwá Florida, òtútù Oṣù Kejì 1899 bá igi kékeré rẹ̀ lóko.