Nígbà Tí Ilé Detroit Di Ahoro

Ní 1950, èèyàn tó ń gbé Detroit, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lé ní 1,800,000. Nígbà tó fi di 2010, wọ́n ti kù sí nǹkan bí 714,000.

Iṣẹ́ bọ́, onílé kó lọ, ilé di ahoro. Àwọn tó ń ta oògùn olóró sá sí ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dáná sun ún. Ní ìparí oṣù kẹwàá 1984, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, iná tó sọ lé ní 800.

Láti 2014, lábẹ́ Mike Duggan tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, wọ́n wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Àwọn olùwádìí rí i pé ìkọlù oníbọn dín kù ní àwọn àdúgbò kan tí wọ́n ti wó ilé.

Ọ̀nà mìíràn ni ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà kan náà, gbà: òfin 2011 ní kí onílé fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé gidi sí ilé tó pa tì. Ìkọlù oníbọn dín kù níbẹ̀ náà. Nítorí náà, kí ìjọba tó gbé katapílà dé, kó kọ́kọ́ yẹ ilé tó ṣì ṣeé tún ṣe wò.